Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Àṣekún ní Ṣọ́ọ̀bù Tẹ́lọ̀ ní Ìkòròdú

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkòròdú,

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Àwa tẹ́lọ̀ tí ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀gá, láti Sábó títí dé Ìta Ẹlẹ́wà, la kọ ìwé yìí. A kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. A ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, owó oṣù ni à ń gbà.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ là ń wọṣẹ́, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ká ṣíwọ́. Àdéhùn ẹnu lásán ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná ò bá sí láti àárọ̀, tó wá dé ní márùn-ún ààbọ̀, ọ̀gá á ní, "Ẹ má tíì lọ o, iná ti dé." Bí aṣọ ẹbí bá wọlé lọ́jọ́bọ̀, tí òde sì jẹ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù là ń bá mọ́jú, torí kẹ̀kẹ́ Ìgbógbò á ti wọlé. Owó oṣù kì í tìtorí ẹ̀ lé ní kọ́bọ̀. Nígbà mìíràn ọ̀gá á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún wa, a sì máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ̀wà san owó ilé.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, agogo méjì òru ni abẹ́rẹ́ máṣínì gún ọ̀kan nínú wa níka, ó gba inú èékánná wọlé, ó sì kán síbẹ̀. Oorun ló ń kùn ún. Léèsì kọ́sítọ́mà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kúrò, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí i. Ọjọ́ tí kò fi lè ránṣọ, wọ́n yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.

A ò ní ká má ṣe àṣekún o. Tẹ́lọ̀ tó bá ní òun ò ní pẹ́ níṣẹ́ nígbà Kérésì, irọ́ ló ń pa. Ohun tí òfin iṣẹ́ ọdún 1974 sọ là ń bèèrè. Abala 13 ní kí a jọ fẹnu kò sí wákàtí iṣẹ́, èyí tó bá sì lé jẹ́ àṣekún; ó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ 1 gbáko láàárín ọjọ́ 7. Abala 7 ní kí ọ̀gá kọ wákàtí àti owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún wa kí oṣù 3 tó pé tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

A mọ̀ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin iṣẹ́ wà. Àmọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi àkóso ṣọ́ọ̀bù sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀gá bá wá gba ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù, kó mú ẹ̀dà ìwé wákàtí tó kọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ dání, kí iye owó àṣekún sì wà nínú ẹ̀. Ẹ bá wa pe àwọn ọ̀gá jókòó kí iṣẹ́ ọdún tó wọlé.

Àwọn kan nínú wa ò fọwọ́ síwèé yìí nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ má bèèrè orúkọ wọn.

Àwa ni tiyín,
Àwa tẹ́lọ̀ olówó oṣù, Ìkòròdú