Ìkéde: Ìrìnàjò wa sí òkè Brooks ní Alaska

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìmúra. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje la ó gbéra ní Fairbanks. A ó gba ọ̀nà Dalton la àárín òkè Brooks kọjá. Ilé iṣẹ́ tó ń fi mọ́tò háyà tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kọ̀ kí mọ́tò wọn dé ọ̀nà yẹn, àmọ́ a ti rí èyí tó gbà.

Ọ̀rọ̀ epo ló jẹ wá lógún jù. Bí a bá ti kúrò ní Coldfoot, ibùdó kékeré kan lójú ọ̀nà náà, kò sí ilé epo mọ́ títí dé Deadhorse níbi tí ọ̀nà náà parí sí, nǹkan bíi kìlómítà 386. Fóònù kì í sábà gbé níbẹ̀. Kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbé sìpíà táyà méjì, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí tírélà bá ń bọ̀, ẹ yà fún un o! Nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ páìpù epo ni wọ́n ṣe la ọ̀nà náà lọ́dún 1974. Àlejò ni tiwa.

Oòrùn kì í wọ̀ ní Deadhorse lásìkò yẹn, ẹ mú aṣọ tí ẹ ó fi bo fèrèsé. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ mu gàrí, kó gbé tirẹ̀ dání.

Kí orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kó tó di ọjọ́ Àìkú.