Lẹ́tà sí Mojísọ́lá: Irú Résìn Tí Mo Fẹ́ Kí O Bá Mi Rà

Òkè-Bàálẹ̀,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Oṣù Kejì, 2025.

Mojísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. Ẹ kú òtútù Toronto o. Ọyẹ́ ni àwa ń bá yí níhìn-ín, àràárọ̀ ni mo sì ń nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ gidigidi pé o fẹ́ bá mi dá sí owó ọmọláńgidi olóríkèé rogodo tí n óò máa fi wọn aṣọ àdìrẹ tí mò ń rán fún àwọn oníbàárà mi lókè òkun. O béèrè pé nínú oríṣi résìn mẹ́ta, ìyẹn ohun líle bí ike tí wọ́n fi ń ṣe é, tí ilé iṣẹ́ náà kó síwájú rẹ, èwo ni kí o mú: résìn Faransé tí ó funfun nini ni, àbí résìn lásán tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òyìnbó, àbí résìn lásán tí ó dúdú bí ara wa? Dúdú ni kí o mú. Kí o má baà rò pé nítorí pé ó jọ wá nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún ọ.

Ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní. Polyurethane ni wọ́n, èyí tí a ń rí nígbà tí a bá po kẹ́míkà olómi méjì pọ̀, tí a dà á sínú mọ́ọ̀dù sílíkónì, tí ó sì gan síbẹ̀ kí a tó yọ ọ́. Láti ọdún 1999 tí ilé iṣẹ́ Volks ti ilẹ̀ Japan ti gbé ọmọláńgidi tí wọ́n ń pè ní Super Dollfie jáde ni ó ti di ohun tí púpọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe irú ọmọláńgidi yìí ní Japan, Kòríà àti Ṣáínà ń lò. Isocyanate ni orúkọ ọ̀kan nínú kẹ́míkà méjèèjì náà, láti ara rẹ̀ sì ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aromatic, kì í fara da ìtànṣán ultraviolet tí ń bẹ nínú oòrùn. Bí ìtànṣán náà bá ti ń bà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ohun tí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Bí a tilẹ̀ gbé e pa mọ́ sínú àpótí, ooru àti afẹ́fẹ́ yóò ṣì máa ṣe iṣẹ́ náà, wọn kò kàn ní yára tó oòrùn ni. Oríṣi mìíràn wà tí kì í tètè pọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọmọláńgidi. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé résìn tòun kì í pọ́n láéláé, ọjà ló fẹ́ tà.

Ọ̀kan wà nílé mi lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ìyá kan ní Òkè-Fìà gbé wá kí n rán bùbá àti ìró fún. Funfun ni résìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á. Nígbà tí mo ṣí wíìgì rẹ̀ kí n lè wọn orí rẹ̀ fún gèlè, mo rí ìlà kan tí ó lọ láti etí ọ̀tún dé etí òsì: òkè ìlà náà ṣì funfun bí ọjọ́ tí ó kúrò nínú mọ́ọ̀dù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú títí dé ọrùn. Mo tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá ní apá, níbi tí ọwọ́ aṣọ ti parí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì pọ́n ju ti ọ̀tún lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ó kọ sí fèrèsé nínú pálọ̀ wọn. Gíláàsì fèrèsé wà níbẹ̀ o, àmọ́ apá kan nínú ìtànṣán náà ni gíláàsì ń dá dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó kù wọlé. Fínísì tí wọ́n ń fín sí ojú ọmọláńgidi pẹ̀lú ìlérí pé ó ń dènà oòrùn ń ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀ náà ni. Ó ń fa ọjọ́ náà sẹ́yìn, kì í mú un kúrò.

Kì í ṣe pípọ́n gan-an ni ó ń bí mi nínú. Ní ilẹ̀ wa níbí, ère ìbejì tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń fi osùn pa, tí ojú àti imú rẹ̀ ti dán tán nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ni àwọn tó mọ ère ń gbé gẹ̀gẹ̀ ju tuntun lọ. Bí ọmọláńgidi bá dàgbà déédéé láti orí dé ẹsẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ó dàgbà lọ́nà tí kò bára mu, kí ojú jẹ́ ti ẹnì kan, kí ọwọ́ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Èyí ni mo fi ń wọn oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

N kò ní bú résìn Faransé. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kàn án rí á mọ ìdí tí àwọn olùkójọ fi ń náwó lé e: ó jọ̀lọ̀, kì í kọ mọ̀nà, ó wúwo lọ́wọ́ bí ohun tí ó ní láárí, bí o bá sì gbé iná sí ẹ̀yìn etí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á yọ láti inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ lára ènìyàn. Lórí bí ó ṣe ń pọ́n, ẹnu àwọn olùkójọ kò kò. Àwọn kan ní òun ló ń tètè pọ́n jù, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ẹni tó po ó ni gbogbo rẹ̀ wà. Èmi kò dá sí ìjà yẹn, nítorí pé funfun rẹ̀ nìkan ti tó láti lé mi sá. Kò sí ibi tí àyípadà kékeré lè fara pa mọ́ sí lára funfun. O mọ ilé wa: páànù ni òrùlé, ọ̀sán a sì máa mú bí iná. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ìdí fèrèsé ni mo ń gbé iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọmọláńgidi tí mo fi ń wọn aṣọ yóò máa dúró sí. Ẹni tó ní yàrá tí kò ní oòrùn, tó sì ń gbé e sínú àpótí bí ó bá ti wò ó tán, ni résìn yẹn wà fún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹlú, èyí tí àwọn ará Toronto kì í rò ó kàn. Ẹlú kì í wọ inú òwú tán. Púpọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara òwú ni, ìdí nìyẹn tí àdìrẹ tuntun fi máa ń kun ọrùn àti abíyá ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ sí òde ijó. Mo ń fọ aṣọ kí n tó gé e, mo ń ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, mo sì ń fi aṣọ funfun ṣe ìtẹ́nú. Síbẹ̀, níbi tí oríkèé bá ti ń fún aṣọ mọ́ra, bí ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún, yóò ṣì fi àmì búlúù sílẹ̀ bí a bá fi aṣọ sí i lára pẹ́. Fún ìdí yìí ni mo ṣe ní kí o má wo ọ̀nà fáìnìlì, ìyẹn ike rírọ̀, rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dollfie Dream tí Volks ń fi fáìnìlì ṣe rẹwà, kì í sì í fọ́ bí ó bá já bọ́. Àwọ̀ aṣọ máa ń wọ inú fáìnìlì lọ ni, kì í sì í fẹ́ jáde mọ́. Ní ti résìn, òde ara rẹ̀ ni ó sábà máa ń dúró sí. Kànrìnkàn melamine tí a fi omi rin lè mú un kúrò, àmọ́ kí o mọ̀ pé bíi sánpépà tí ó kúnná gan-an ni kànrìnkàn yẹn ń ṣiṣẹ́. Ó ń họ résìn díẹ̀ nígbàkúgbà tí a bá lò ó, ó sì ń ṣí fínísì kúrò. Ọmọláńgidi funfun tí a ń họ ní ìgbọ̀nwọ́ lóṣooṣù, kí ni yóò kù lára rẹ̀? Lára dúdú, àmì ẹlú tí ojú ènìyàn kò tilẹ̀ ní rí kò nílò kànrìnkàn kankan.

Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òyìnbó wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá pọ́n, kì í tètè hàn bíi ti funfun, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn bí ara rẹ̀ ṣe máa ń móoru bí ó bá ń dàgbà. Bí kì í bá ṣe ti ẹlú ni, òun ni ǹ bá ní kí o mú, owó ìbá sì kéré díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí o má rò pé adúmáadán yìí kò ní ìṣòro tirẹ̀; ó ní i, ó sì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe po àwọ̀ rẹ̀. Résìn funfun kò nílò àwọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n dúdú ń gba àwọ̀ gan-an, bí wọn kò bá sì pò ó dáadáa, ìlà dúdú àti ìlà pupa yóò máa rìn kiri nínú itan àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí mílíìkì tí a dà sínú ògì tí a kò tíì rò. Ìkejì ni pé bí èékánná bá họ ọ́, funfun ni ojú ibẹ̀ ń yọ. Ojú ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé ń hàn lára rẹ̀ ju ti funfun lọ, bí a bá sì fi sánpépà yún un, ojú ibẹ̀ á ṣú bàìbàì, a ó ní láti máa fi èyí tó kúnná sí i tẹ̀ lé e kí ó tó padà bá ara tó kù mu. Inú omi ni n óò ti yún un o, pẹ̀lú ìbomú, nítorí pé eruku polyurethane kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìkẹta, oòrùn ń ṣá òun náà: kì í pọ́n lójú, ṣíṣá ni ó ń ṣá, nígbà mìíràn á sì fẹ́ máa ṣe bí ẹni fẹ́ di àwọ̀ ewé. Bí oríkèé bá ń ha ara wọn, ojú ibẹ̀ náà á funfun. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ ni n óò gé lẹ̀ mọ́ inú kòtò oríkèé kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò tún jẹ́ kí ó lè dúró láìgbọ̀n.

Èyí tí ó kan Òṣogbo jù ni ti fínísì. Fínísì tí a ń fín kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù lákòókò òjò, yóò gbẹ pẹ̀lú ìkùukùu funfun lórí résìn. Lára ọmọláńgidi funfun a lè má rí i, ṣùgbọ́n lára dúdú, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tí eérú bò lójú. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe kun ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Èmi ni n óò kùn ún fúnra mi nínú ọyẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti wọ́n omi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí eruku lè jókòó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o le mọ́ wọn lórí rẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n pò lónìí kì í bá ti oṣù tó ń bọ̀ dọ́gba, bí orúkọ tí wọ́n kọ sí i bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá ra ara nísinsìnyí, tí a ní orí di ìgbà tí owó bá wọlé, orí yóò dé, a ó sì gbé e lé ọrùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Orí, ara, àti ọwọ́ àfikún tí ń dìkúùkù, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o béèrè fún wọn, kí o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú résìn tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ti dà wọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí ilé iṣẹ́ mìíràn tàn ọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó. Dúdú ẹnì kan lè pupa, ti ẹlòmíràn lè rí bí eérú.

Ní ti àwọn èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, résìn wọn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ ju polyurethane lọ. Fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ayédèrú tí wọ́n fi ọmọláńgidi ẹlòmíràn ṣe mọ́ọ̀dù ńkọ́? Yàtọ̀ sí pé olè ni, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí o mú, ìyẹn èyí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45. Èyí tó ga tó 60 wúwo púpọ̀, rọ́bà tí a fi so ó pọ̀ yóò sì tètè dẹ̀ bí mo bá ń wọ aṣọ fún un, tí mo sì ń bọ́ aṣọ náà kúrò ní gbogbo ìgbà.

Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n ya fọ́tò résìn dúdú náà ní ojúmọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà funfun, kì í ṣe lábẹ́ iná yàrá fọ́tò, kí wọ́n sì ya ẹ̀yìn àti itan rẹ̀ kí a lè mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ pò dọ́gba. Bí wọ́n bá ní dúdú ti tán, kí o dúró de ìgbà tí wọn yóò tún dà á. Wọ́n lè sọ pé àwọn yóò dín owó funfun kù fún ọ; má gbà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adérónkẹ́.