Ṣúgà Àgbọn, Ṣúgà Pupa, Oyin: Ẹ Yé Tan Àwọn Alátọ̀gbẹ Jẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí dókítà ti ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ṣúgà nítorí àtọ̀gbẹ, lọ ra ṣúgà àgbọn ní ilé ìtajà ńlá kan níbí. Owó tí wọ́n san lórí ọ̀rá kékeré yẹn tó ra ṣúgà funfun tí gbogbo ilé yóò lò fún ọjọ́ gbọọrọ. Ọmọ tó ń tà á ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, eléyìí kì í gbé ṣúgà sókè." Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń da ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, sínú ife kọfí kan ṣoṣo, wọ́n ṣáà ní kò léwu. Nígbà tí wọ́n dé kílíníìkì, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti ń gbàgbé oògùn wọn ni.

Ṣúgà ni ṣúgà àgbọn o! Kì í tilẹ̀ ṣe ara èso àgbọn ni wọ́n ti ń rí i. Omi tó ń sun lára òdòdó igi àgbọn ni wọ́n ń gbà, bí ẹni ń dá ẹmu, tí wọ́n á wá sè é títí yóò fi gbẹ. Nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú 100 rẹ̀ ni sucrose, ohun kan náà gan-an tó wà nínú ṣúgà onígun mẹ́rin tí a mọ̀ látijọ́. Wọ́n á ní ó ní èròjà irin nínú. Ó lè ní in, àmọ́ èyí tó wà nínú ṣíbí kan kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ń wá irin, kó lọ jẹ ẹ̀fọ́ ṣọkọ.

Ti ṣúgà pupa kò ní kí n pẹ́ lórí rẹ̀: ṣúgà funfun ni, pẹ̀lú díẹ̀ lára omi dúdú tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń sè omi ìrèké. Dàbínù lílọ̀ sì ń kọ́, tó gbòde báyìí? Ó sàn díẹ̀, torí odindi èso ni wọ́n lọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni ṣúgà.

Oyin ló le jù láti bá àwọn èèyàn wa sọ. N kò bá oyin jà. A fi ń sọ ọmọ lórúkọ, a fi ń po àgbo, bàbá mi kì í jókòó síbi tí wọ́n bá ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu oyin. (Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ níbi ìkómọjáde pé kò yẹ kí oyin kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu, nítorí kòkòrò botulism tó lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìyẹn.) Ohun tí mo ń sọ ni pé oyin inú kọfí kò yọ alátọ̀gbẹ nínú ewu. Ṣíbí tíì kan ṣúgà funfun jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Oyin wúwo ju ṣúgà lọ, nítorí náà ṣúgà tó wà nínú ṣíbí oyin kan náà súnmọ́ gíráàmù 6. Èwo ló wá pọ̀ jù níbẹ̀? Ojúlówó oyin ni mo tiẹ̀ ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣúgà sè sínú ìgò tí wọ́n ń gbé kiri inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, tó bá sì lè wálẹ̀ sí ìdá 5, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 25, tàbí ṣíbí tíì mẹ́fà, ló dára jù. Wọ́n ka oyin mọ́ ọn. Wọ́n ka omi èso pàápàá mọ́ ọn. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ èyí fún wa ní èdè tí a gbọ́?

Àwọn mìíràn sì wà tó ń mu kọfí inú ọ̀rá pélébé, èyí tí wọ́n ti po wàrà àti ṣúgà mọ́ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n á tún wá fi oyin sí i "nítorí ìlera". Ẹnu yà mí.

Ti àwọn adùn tí kì í ṣe ṣúgà, bíi saccharin, aspartame àti stevia, ọ̀tọ̀ ni. Wọn kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bí oyin ṣe ń gbé e. Lóṣù Karùn-ún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má fi wọ́n wá bí a ó ṣe fọn, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Lóṣù Keje, ariwo jẹjẹrẹ gba ìlú kan nítorí aspartame, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ tó ń wo ìwọ̀n rẹ̀ kò yí òṣùwọ̀n tí kò yẹ kéèyàn kọjá padà: mílígíráàmù 40 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n. Ẹni kílò 70 yóò mu agolo mínírà aláìníṣúgà tó 9 sí 14 kó tó kọjá ibẹ̀. Tó bá di dandan fún alátọ̀gbẹ, èmi á fara mọ́ èyí ju ṣúgà àgbọn lọ. Ṣùgbọ́n dídín ṣíbí kù díẹ̀díẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Níbo làwọn tí ìjọba ń sanwó fún láti ṣọ́ oúnjẹ wa wà? Láti 2022 ni ìjọba ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò aládùn. Owó orí ló tètè yé wọn. Kí wọ́n wọ ilé ìtajà lọ ka irọ́ tó wà lára ọ̀rá, ìyẹn ni wọn kò ráyè. Ṣúgà ni ṣúgà àgbọn, wọ́n sì mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí wọ́n ya àwòrán ṣíbí síwájú gbogbo ọ̀rá àti ìgò ohun adùn, kì í ṣe lẹ́yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sí i ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì: "Gíráàmù ṣúgà báyìí ló wà nínú ṣíbí kan." Kí àwòrán náà tóbi tó kí ìyá tí kò mọ̀wé lè fi wéra pẹ̀lú ti ṣúgà funfun. Kí ọ̀rọ̀ náà "ó dára fún alátọ̀gbẹ" di èèwọ̀ lára ohunkóhun tí ṣúgà inú rẹ̀ bá kọjá ìdajì. Chile ti ń fi àmì dúdú onígun mẹ́jọ síwájú oúnjẹ tí ṣúgà tí wọ́n fi kún un pọ̀ láti 2016, Mexico náà bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ṣé wọ́n gbọ́n jù wá lọ ni?

Kí àwọn nọ́ọ̀sì náà máa ṣàlàyé rẹ̀ lọ́jọ́ kílíníìkì. Rédíò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìpolówó tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn yín. Mo rí "oyin tó ń wo àtọ̀gbẹ" níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ìdajì ojú ewé. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Mókólá, Ìbàdàn