Ẹ Má Kó Gbogbo Ike Sínú Àpò Kan

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí pàǹtírí ike, pé kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, àwọn tó ń yọ́ ọ á mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Mo wà lára àwọn tó ń yọ́ ọ. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí, ni ẹ̀rọ mi wà, búùtà ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o pọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra àpò ike lílọ̀ mẹ́rin. Wọ́n ti lọ ìgò omi, ìdérí àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà mọ́ra. Búùtà tó jáde ń dán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Àlàájà kan fi gbé tirẹ̀ padà: ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Mo fi èékánná họ ojú ibi tó kán, ó ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Àwọn ẹyọ ìgò ṣì wà nínú rẹ̀ ganbóganbó, bíi yanrìn nínú ẹ̀wà. Ìgò kì í yọ́ àfi tí iná bá tó nǹkan bí 250 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Ẹ̀rọ mi kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yunifásítì FUTA tó ń gbé ilé wa ló là mí lóye nípa ìdí tí ìyókù tó yọ́ ò fi lẹ̀ mọ́ra. Ó ní ṣúgà ń yòrò nínú omi torí ẹyọ rẹ̀, èyí tí ojú lásán ò lè rí, kéré, ibi gbogbo ló ń dé. Ṣùgbọ́n ẹyọ ike gùn gbọọrọ, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan, kò ráyè fọ́n ká. Bí oríṣi méjì kò bá fa ara wọn mọ́ra, kálukú á ṣù jọ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Flory àti Huggins, ló ṣírò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1942. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé polyethylene ni ọ̀rá omi, polypropylene ni àga ike. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn nìkan ló wà nínú méjèèjì, bí ọmọ ìyá, síbẹ̀ wọn ò pò pọ̀! Oògùn tó ń so wọ́n pọ̀ wà, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe fún epo àti omi, àmọ́ apá wa ò ká owó rẹ̀.

Torí náà, ẹ bá mi sọ fáwọn èèyàn: kí wọ́n tú ìdérí kúrò lára ìgò, kí ọ̀rá ní àpò tirẹ̀. Ẹni tí ìgò àti ìdérí bá ti lọ̀ mọ́ lọ́wọ́, kó dà á sínú omi: ìgò á rì, ìdérí á léfòó. Páìpù omi funfun máa ń rì bí ìgò, tó bá sì jó, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ó ń ta ọ̀fun. Ìyẹn, kí wọ́n má tilẹ̀ kó o wá.

Ìyá Oníbúùtà,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́