Lẹ́tà sí Àyìnlá Nípa Mọ́tò Wíwà Nínú Òjò

Ìbàdàn,
Oṣù Kẹfà.

Àyìnlá ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n ní mọ́tò rẹ lo fi ń lọ sí Èkó ní gbogbo ọjọ́ Ajé báyìí. Òjò ti dé, òjò ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, àmọ́ àwọn tí ẹ jọ wà lójú títì ló yẹ kí o máa sá fún ju òjò lọ.

Bí òjò bá ti ta sí gíláàsì àwọn kan báyìí, wọ́n á tan házáàdì, wọ́n á máa ṣẹ́jú pàkòpàkò láti Mówe títí dé Berger. Nínú mọ́tò púpọ̀, bí házáàdì bá ti ń ṣiṣẹ́, tràfíkétọ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á wá yà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á tún máa bú ẹni tó fẹ́ẹ̀ kọlù wọ́n. Mọ́tò tó dúró tàbí tó bàjẹ́ ni házáàdì wà fún. Bí o bá ń rìn, tan iná iwájú, kí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí o bá tan fúláìtì, omi òjò ló máa dá a padà sójú ìwọ fúnra rẹ. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná kékeré tó ń tàn fúnra rẹ̀ níwájú mọ́tò ìgbàlódé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti ẹ̀yìn ò ní tàn pẹ̀lú rẹ̀.

Òjò wínníwínní ni kí o fura sí jù. Epo tó jò lábẹ́ tírélà, eruku àti èérún táyà á pò mọ́ omi, títì á wá yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn kan máa sáré, kí òjò ńlá má baà bá wọn lọ́nà!

Àmọ́ táyà ni kókó. Àwọn ìlà tó jìn lójú rẹ̀ ló ń lé omi jáde kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Bí jíjìn wọn bá ti kù sí mílímítà 1.6, táyà ti parí nìyẹn. Ìwọ má jẹ́ kó kéré sí 3. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2314 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Fọkanáísà lè kùn ún kó máa dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, rọ́bà ti gan ná.

Bí omi bá wọ àárín táyà àti títì, mọ́tò á léfòó. Wàá mọ̀: sítíárìn á ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má tẹ búrékì. Yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀, di sítíárìn mú gbọnin títí táyà á fi tún rí ilẹ̀.

Fi àyè sílẹ̀ fún ẹni iwájú. Bó bá kọjá òpó kan, ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ìwọ tó dé ibẹ̀. Dáńfó á wọ inú àyè náà, á rò pé òun lo ṣe é fún. Fà sẹ́yìn, kí o tún ṣe òmíràn.

Bí gíláàsì bá ń hu èéfín nínú, má fi ọwọ́ ẹ̀wù nù ún bí awakọ̀ tó ń wá ojú ọ̀nà nínú ihò. Tan ẹ́sì, kí o darí atẹ́gùn rẹ̀ sí gíláàsì. Ẹ́sì ló ń gba ọ̀rinrin inú mọ́tò.

Bí o bá dé ibi tí omi kún títì, má tẹ̀lé tírélà wọ̀ ọ́. Táyà tirẹ̀ ga tó ẹnu ọ̀nà mọ́tò rẹ. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré. Bí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, má tún sítáátì rẹ̀: omi tó gba ibi afẹ́fẹ́ wọlé kì í ṣeé fún pọ̀, irin inú ẹ́ńjìnì ló máa tẹ̀. Tì í jáde, kí o pe mẹ́káníìkì.

Rọ́bà wáípà rẹ ti ń pariwo nígbà tí o wá kẹ́yìn. Pààrọ̀ méjèèjì kí ọjọ́ Ajé tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.