Lẹ́tà sí Fúnkẹ́: Sátidé ni mò ń lọ sí Dallas

Houston, Texas
Alẹ́ Ọjọ́rú

Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iná ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà gbọọrọ nígbà tí mo lè fi ohùn ránṣẹ́. Ilé kún ni. Tómi wà ní pálọ̀, bàbá rẹ̀ wà ní yàrá, ọ̀rọ̀ yìí ò sì yẹ létí àwọn méjèèjì. Mo fara pa mọ́ sí ìdí tábìlì ìdáná, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Màmá Òkè-Àdó pè mí.

O gbọ́ mi dáadáa. Màmá Ronkẹ́ fúnra wọn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà Dallas kan tí n kò mọ̀ ló ń pè. Mo rò pé àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì ni, díẹ̀ ló kù kí n má gbé e. "Àbẹ̀kẹ́! Ìwọ ọmọ yìí, o pa mí tì." Fúnkẹ́, iwájú ilé onílé ni mo páàkì sí. Látìgbà tí ìyá mi ti lọ, ta ló tún ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́? Wọ́n ní àwọn ti lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ Ronkẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àwọn ń padà sí Ìbàdàn, orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò sì rò pé àwọn tún lè wọ bàálù wá síbí mọ́. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá béèrè mi, èsì kan náà ni Ronkẹ́ máa ń fún àwọn pé, "Iṣẹ́ pọ̀ fún Bísí, Màmá. Iṣẹ́ ò jẹ́ kó gbádùn."

Ọdún mẹ́fà tí èmi àti Ronkẹ́ ti ń bínú síra wa, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó bò mí láṣìírí, àbí ara rẹ̀ ló bò, n ò mọ̀.

Kí n tó mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ, mo ti ní, "Màmá, mò ń bọ̀ ní Sátidé." Inú wọn dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní kí n gbé mọ́ín-mọ́ín dání. "Elewé o! Inú agolo ni Ronkẹ́ ń sè é sí, ó ń ta sí mi lẹ́nu bí irin."

Bó ṣe di pé mo ń rin ìrìn-àjò nìyẹn. Bàbá Tómi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn (ó lọ dáadáa, ọpẹ́ ni, wọ́n ti ń ka Bíbélì wọn, wọn ò kàn gbọdọ̀ tíì wakọ̀). Tómi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Ó ku èmi. O sì mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ibi iṣẹ́, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń wakọ̀ lọ. Ibi tó jìnnà jù tí ọwọ́ mi gbé mọ́tò dé ni Galveston, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ń ké pé àwọn fẹ́ rí òkun, ọjọ́ kejì ni èjìká mi tó balẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni, ìyẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. I-45 ni wọ́n ń pè é. Etí òkun ní Galveston yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín Houston kọjá, ó wá parí sí Dallas. Interstate ni orúkọ tí wọ́n fún un, bí ẹni pé ó ń gba ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò yọ ẹsẹ̀ kúrò ní Texas rí. Ó dà bí ẹni tó gba páásípọ̀ọ̀tù tí kò kọjá Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n má fojú kékeré wò ó o. Houston sí Dallas tó 239 máìlì, bíi 385 kìlómítà. Bí ìgbà tí o bá lọ sí Èkó láti Ìbàdàn, o padà, o tún lọ. Kò sí ọlọ́pàá tó na igi sójú ọ̀nà, kò sì sí ọmọ tó ń sá tẹ̀lé fèrèsé pẹ̀lú ìpékeré. Fóònù ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Tèmi á tó márùn-ún.

Mo ti kọ ọ̀nà náà sílẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé tí wọ́n fi ìwé owó iná ránṣẹ́. Tómi rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Mummy, fóònù á sọ̀rọ̀ fún yín." Mo ní tí fóònù bá kú ńkọ́? Kò rí ìdáhùn fi fún mi.

Ohun tí mo wá ṣàwárí nìyí, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo àdúrà tí mo ti gbà. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó gbogbo ibi tí èèyàn ti lè yà kúrò lójú ọ̀nà, àwọn tí wọ́n ń pè ní exit, wọn ò kàn tò ó ní ení, èjì, ẹ̀ta. Iye máìlì tí ibẹ̀ fi jìnnà sí Galveston ni. Mò ń gbé níbí látọjọ́ yìí, n ò mọ̀! Láti ilé wa ní Alief, màá gba Beltway 8, ọ̀nà tó yí Houston ká, màá san tọ́ọ̀lù kí n má bàa kó sí wàhálà àárín ìlú, màá sì bọ́ sí 45 ní exit 60. Ìdí Dallas níbi tí mo ti máa yà sórí I-20 jẹ́ 276. Mú 60 kúrò nínú 276, ó ku 216. Kò sí ibi tí mo lè wà lójú ọ̀nà yẹn tí n ò ní mọ iye tó ṣẹ́ kù kí n kanlẹ̀kùn.

Kí n tó dé Huntsville, ère Sam Houston wà lọ́wọ́ ọ̀tún, funfun báláú láàárín igi páìnì, ó gbé ọ̀pá lọ́wọ́, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 67. Bàbá yẹn ló jẹ ààrẹ nígbà tí Texas ṣì ń dá dúró bí orílẹ̀-èdè, Huntsville náà ló sì kú sí ní 1863. Nígbà tí a kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, Tómi ọmọ ọdún méje ní, "Daddy, Gòláyátì!" Ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti ń pa àwọn tí ilé ẹjọ́ Texas bá dájọ́ ikú fún. N ò ní dúró níbẹ̀.

Madisonville, 142, ni màá dúró. Buc-ee's wà níbẹ̀. Fúnkẹ́, tí o bá rí ilé epo yìí! Ẹranko kan bí òkété tó dé fìlà pupa ni àmì wọn. Ọjà ńlá ló wà nínú rẹ̀, ẹran gbígbẹ lóríṣiríṣi, aṣọ, ìkòkò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ débi pé o lè jókòó síbẹ̀ sinmi. Wọn ò gba tírélà láyè láti wọbẹ̀ rárá. Ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti fẹ́ràn wọn, torí tírélà ni ọ̀tá mi. Níbi tí ìlú bá ti tán, 75 máìlì ní wákàtí ni ìjọba fọwọ́ sí, tírélà á dúró sí ẹ̀yìn rẹ bí ẹni tó fẹ́ gba gbèsè. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa fara mọ́. Kí wọ́n kọjá, kí wọ́n máa bú mi.

Lẹ́yìn náà ni Centerville, 164. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ọ̀nà gẹ́lẹ́. Bírò pupa ni mo fi sàmì sí i. Tí ọkàn mi bá máa yí padà, kó tètè yí padà kí n tó kọjá ibẹ̀, torí lẹ́yìn Centerville, ilé Ronkẹ́ ló sún mọ́ mi ju ilé tèmi lọ.

Mo ti gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, o mọ̀ pé owó á bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó fi owó dọ́là onírin sínú ihò táyà ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ wò ó, kò sí nǹkan níbí mọ́, oòrùn Texas á bẹ́ ẹ." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìjì Rita fún mi, bí gbogbo Houston ṣe dà sórí 45 lẹ́ẹ̀kan náà ní 2005, tí àwọn mìíràn fi lò ju ogún wákàtí lọ lójú ọ̀nà, tí epo tán nínú mọ́tò, tí àwọn èèyàn ń sun ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ní ṣé ìjì ń bọ̀ ní Sátidé ni? Ó ní rárá, ó kàn fẹ́ kí n máa kún epo kó tó di ìdajì. Mo ra táyà méjì. Ìbẹ̀rù ló fi tà á fún mi.

Tómi ti wọ yunifásítì o, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ kà, a ó rówó ẹ̀ san. Ọ̀gá akọrin wa ti kó kúrò nílé, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ń bọ̀.

Ewé mọ́ín-mọ́ín nìkan tún jẹ́ iṣẹ́. Mo ra dìpọ̀ ewé eéran kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, ó ti gan pa nínú fíríìsà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mò ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ya owó tó tutù, síbẹ̀ ìdajì fàya lọ́wọ́ mi. Mẹ́tàlélógún ló kù tó ṣe é kó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di aago méjì òru ọjọ́ Sátidé, màá gbé e kaná, kó lè gbóná dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Kúlà tó lè mú un gbóná fún wákàtí márùn-ún ló kù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nílé yìí. Aláwọ̀ búlúù. O mọ̀ ọ́n. Èyí tí Ronkẹ́ fi di àjẹkù fún wa lọ́jọ́ ìkómọ yẹn, kí ọ̀rọ̀ tó dà bó ṣe dà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè lónìí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó fi ọ̀dà èékánná kọ ọ́, lẹ́tà "K" ti ṣí kúrò. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, n ò lò ó, n ò jù ú nù. Tí mo bá gbé e lọ, á dà bí ẹni tó wá dá ẹrù padà fún olóhun kí ọ̀rọ̀ lè tán. Tí n ò bá gbé e lọ, mọ́ín-mọ́ín á tutù.

N ò ní tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, ìwọ lo mọ bó ṣe rí. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ. Àmọ́ mi ò bá má sọ ọ́ lójú àwọn àna rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú ara mi. Ohun tí òun náà sọ nípa Bàbá Tómi, Bàbá Tómi ò tíì gbọ́ ọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n wakọ̀ gbé wa bọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní orí ń fọ́ mi, láti Dallas títí dé Conroe. Ní báyìí, àwọn gan-an ló ń rọ̀ mí pé kí n sun ilé Ronkẹ́ mọ́jú, kí n má padà lálẹ́. Mo ní ó dáa. Mo ti yára gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ ní Corsicana, ìlú kan lójú ọ̀nà kí n tó dé Dallas, èyí tí mo lè fagi lé kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé láìsan kọ́bọ̀. Aago mẹ́rin á ti fi mí hàn, àbí?

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo ti ń dánra wò nínú dígí? "Ronkẹ́, ẹ kú ilé." Ó dà bí ẹni tó wá ta ọṣẹ. "Ronkẹ́, ó pẹ́ o." Ó dà bíi pé òun ló jẹ̀bi. Nígbà tó yá mo kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni gbé kúlà, mo wòye pé ẹni tó gbé kúlà ò lè dì mọ́ èèyàn, èèyàn ò sì lè retí pé kó dì mọ́ òun. Ara tù mí díẹ̀.

Fúnkẹ́, ìdí lẹ́tà yìí rè é. Ìwọ nìkan lẹni tí àwa méjèèjì ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi pe Ronkẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Má sọ pé mo rán ọ. Kí ìyá rẹ̀, béèrè orúnkún Màmá, béèrè ẹrù tí wọ́n ń dì, kí o wá fọgbọ́n wádìí bóyá Màmá ti sọ fún un pé mò ń bọ̀, àti bóyá á wà nílé ní Sátidé. O mọ ohùn rẹ̀. Tó bá ti ń yára sọ̀rọ̀, inú ń bí i. Tó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ìyẹn dára.

Aago márùn-ún ìdájí ni màá kúrò nílé, ti yín á ti di aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Pè mí kí n tó bọ́ sójú ọ̀nà, màá ti so fóònù mọ́ iwájú mọ́tò. Tí ìròyìn bá dára, sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Tó bá ní òun ò ní sí nílé, jọ̀ọ́, pa á mọ́ sínú títí màá fi kọjá Centerville.

Èmi ni,
Bísí rẹ