Orúkọ wo ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà?

Ìbàdàn,
14 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìwé ni mo jókòó kọ, n kò fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, torí àbúrò rẹ ló ń bá mi tún fóònù ṣe, ó sì mọ nọ́ńbà tí mo fi tì í. Màmá dókítà tó wà ládùúgbò wa ń lọ wo ọmọ tuntun ní Detroit lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ni mo fi rán. Mo ti lẹ àpòwé yìí pa. Bí o bá rí i pé wọ́n ti tú u, sọ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí o kò pè. Kí n tó bi ọ́ ní ohunkóhun mìíràn: orúkọ wo ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà?

Má bi mí pé àwòrán wo. Àǹtí rẹ tó wà ní Houston fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Sunday, n kò tíì tú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí. Ìwọ lo dúró láàárín, aṣọ elése àlùkò wà lọ́rùn rẹ, ọ̀gá kan ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó ní ìwọ ni olórí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akọ-sí-akọ, abo-sí-abo ní Yunifásítì Michigan, pé wọ́n pè ọ́ síta láti yẹ́ ọ sí. Kò kọ ju ìyẹn lọ, ó kàn to àwòrán ojú tó ń sunkún mẹ́ta tẹ̀ lé e. Mo wò ó títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí, kí Ọlọ́run foríjì mí, ni pé o ti rù. Ṣé o ń jẹun?

Bàbá rẹ kò tíì rí i. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru lóṣù tó kọjá, ó ti wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní àdúgbò wa ti bọ́ sí Band A, iná ń wà, ṣùgbọ́n 225 náírà ni yúníìtì kan lóṣù tó kọjá, mo ti yọ fìríìsà kúrò. Àbúrò rẹ gba 198 nínú JAMB, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe òun báyìí. Ayálégbé ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ wá lówó. Ìyá àgbà ní kí o tètè wálé kí àwọn tó lọ, kò sì sí nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n.

Kí ló dé tí o jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ joyè gan-an? Ẹni tó bá wà láàárín èrò, ojú lè fò ó. Olórí ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ọ̀rọ̀ oyè yìí ni mo ń bá ọ jà sí, Àbẹ̀kẹ́. Ìyókù, n kò tíì mọ bí màá ṣe sọ ọ́.

Oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Jonathan fọwọ́ sí òfin yẹn, èyí tó ka ìgbéyàwó akọ-sí-akọ, abo-sí-abo léèwọ̀. O ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bàbá rẹ pàtẹ́wọ́ fún tẹlifíṣọ̀n, o sì dìde, o ní o fẹ́ lọ mumi. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àfi lọ́jọ́ Monday tí mo ní kí ọmọ lọ́yà òkè ilé bá mi wá òfin náà jáde (mo purọ́ fún un pé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ fẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́), ni mo tó rí ibi tó kàn ọ́. Ẹni tó bá forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó ń darí rẹ̀, tàbí tó bá wọn dá sí i, ọdún 10. Ẹni tó bá tì í lẹ́yìn, ọdún 10. Tó ń darí rẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ibẹ̀. O máa ní Michigan kọ́ ni Nàìjíríà, pé òfin kì í wọ bàálù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àwòrán kì í dé. Ṣé o kò ní wá sin ìyá àgbà ni? Ṣé o kò ní wá sin èmi? Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ rẹ sórí fóònù ní pápákọ̀ òfurufú, tí aṣọ elése àlùkò yọ jáde ńkọ́? Bó bá jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n kọ, mo lè sùn. Bó bá jẹ́ orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù rẹ, sọ fún mi, kí n mọ̀.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣù Kejìlá, tí mo ní n kò ráyè gbọ́, mo ti gbọ́ ọ. O ní láti 1971 ni yunifásítì yín ti ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn rẹ, pé òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọdún tí wọ́n mú mi lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ní kí n na ọwọ́ kọjá lórí kí n fi kan etí, tí kò tó. Ọ̀rọ̀ náà dàgbà tó èmi, n kò mọ̀. O sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ aṣọ náà pẹ̀lú, pé àmì onígun mẹ́ta tí àwọn ará Hitler ń rán mọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wọn láṣọ ni wọ́n ti mú un: ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin jẹ́ píǹkì, èyí tí wọ́n fi sára àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin jẹ́ dúdú, wọ́n wá po méjèèjì pọ̀. Èmi rò pé aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lásán ni.

Lẹ́yìn náà lo dárúkọ Ronni Sanlo, obìnrin tó ń darí ọ́fíìsì náà nígbà yẹn. O ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ti àwọn èèyàn rẹ, èyí tí wọ́n ti ń fi aṣọ elése àlùkò náà kọ́ yín lọ́rùn, ní yunifásítì yín ní 1995, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe é fún, torí pé nígbà tí àwọn ọmọ tó bí nínú ń gba ìwé ẹ̀rí wọn, wọn kò jẹ́ kí ó débẹ̀, nítorí irú ẹni tí ó ń fẹ́. Ibẹ̀ ni mo pa fóònù sí. Ìyá, ní ọjọ́ ọmọ rẹ̀! Kò sẹ́ni tó dí èmi lọ́nà. Ìwọ fúnra rẹ pè mí ní oṣù Kìíní, o ní kí n wá, mo ní físà le. Físà le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò lọ béèrè.

Mo ti fura tipẹ́. Ìyẹn ni n kò fẹ́ gbà. Ní 2004, o wà lẹ́yìn mi, mo pọ̀n ọ́, mò ń wo ètò Fúnmi Ìyàndá lórí NTA, tí Bísí Alimi jókòó tó sọ níṣojú gbogbo ayé pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Mo ní, "Ìyá wo ló bí eléyìí?" Mo sọ ọ́ sókè, mo sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di 2007, ó ti sá lọ sí London. Lọ́sẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ni mò ń rò.

Àǹtí rẹ tún pè, ó sọ ọ́ bí ẹ̀sùn, pé nígbà tí iléèwé bá palẹ̀mọ́ ní ìparí ọdún, ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn tí òbí wọn lé jáde ti ń jẹun. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ata gígún mi lo fi ń se é? Abájọ tí kì í pẹ́ tán. Mo ti fi kún un lọ́tẹ̀ yìí, èlùbọ́ wà nísàlẹ̀ àpò. Ṣùgbọ́n ìwọ ńkọ́, ta ló ń bu tìrẹ? Ọmọ tó ń bọ́ gbogbo ayé, tí egungun ọrùn rẹ̀ hàn nínú fọ́tò!

Èmi náà joyè rí. Kò sẹ́ni tó mọ èyí nínú ilé yìí. 1986 ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, èmi ni olórí họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀ tó máa ń dirun fún mi, kì í gbowó. Wọ́n ní òun àti ẹnì kan jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Bẹ́ẹ̀dì kò kúkú kárí wa, ta ni kì í bá ẹlòmíràn sùn? Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn rí nǹkan. Wọ́n ní kí a kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́, torí ọwọ́ ìwé mi dára. Mo fi rúlà falà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ó kẹ́rù, apá kan irun mi ló ti dì láti àná, apá kan ṣì wà ní títú. Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n jókòó, ó parí irun náà. Òjò ń rọ̀ nígbà tó jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni irun yẹn fi wà lórí mi. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, má pè mí ní òpè tí mo bá ń béèrè orúkọ. Mo mọ ohun tí ọwọ́ akọ̀wé lè ṣe.

Pè mí. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ wa ni kí o pè, bàbá rẹ á ti sùn. Bí mo bá kígbe, má pa fóònù, kí o ní sùúrù kí n kígbe tán. Bí Màmá dókítà bá ń padà bọ̀, bá mi tẹ fọ́tò náà sórí bébà, kí o fi sínú àpòwé, kí o lẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tí Àǹtí rẹ fi ránṣẹ́ kò mọ́lẹ̀, n kò rí ojú rẹ dáadáa. Inú àpótí aṣọ òkè mi ni màá fi í sí. Má kọ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.